Gìtá béèsì: títa okùn pẹ̀lú ìka, lílù ú pẹ̀lú àtàǹpàkò, àti pípa á lẹ́nu mọ́

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi síwájú, ẹ gbé gìtá béèsì yín lé itan kí ẹ ṣe ìdánwò kan. Ẹ fi ìka ọwọ́ òsì tẹ okùn E, èyí tó nípọn jù lọ, sí fret karùn-ún, ìyẹn ìkarùn-ún nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ta á, ẹ jẹ́ kó dún díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ ìka òsì yẹn láìgbé e kúrò lára okùn, kí ohùn rẹ̀ lè kú. Kí ìka náà má sì kan okùn A, èyí tó tẹ̀ lé E (D àti G, tó tín-ín-rín jù, ló parí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), rárá. Ó yẹ kí gbogbo nǹkan dákẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dákẹ́. Okùn A, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ni yóò máa kùn lábẹ́lẹ̀, nítorí pé ohùn kan náà ni òun àti okùn E tí a tẹ̀ ní fret karùn-ún ń gbé jáde: ìgbà 55 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ọ̀kan bá sì ti gbọ̀n, èkejì a máa jẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ béèsì ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́, inú ìjọ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n sì máa ń wò lára ọ̀gá wọn ni ọwọ́ tó ń mú okùn dún. Wọn kì í wo èyí tó ń pa á lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ní tèmi, ibẹ̀ ni ohun tó ju ìdajì iṣẹ́ onígìtá béèsì lọ wà. Ẹni tó bá ti lu àkúbà rí kò ní bá mi jiyàn: bí ọwọ́ bá balẹ̀ sórí awọ tó sì dúró síbẹ̀, ohùn á kú; bó bá balẹ̀ tó tún fò dìde, ohùn á jáde; àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe ìlù.

Èmi pàápàá kò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìṣọ́ òru kan ní agbègbè Òmù-Àrán, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ slap, ìyẹn fífi àtàǹpàkò lu okùn àti fífi ìka fà á, mo lu okùn títí àtàǹpàkò mi fi lé ròrò, mo sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé mo ti dárà. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin ti fi fóònù gba ìsìn náà sílẹ̀. Nígbà tó gbé e fún mi lọ́jọ́ kejì pé kí n gbọ́ ara mi, ohun tí mo gbọ́ kò yàtọ̀ sí ìgbà tí èèyàn bá da ṣíbí sínú abọ́ páànù: gbogbo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí a lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọ̀nà tí mò ń gbà kọ́ ara mi àti àwọn ẹlòmíràn padà, ọ̀nà yẹn ni mo sì fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín.

Ìjókòó àti ọwọ́ òsì

N kò ní pẹ́ lórí ìjókòó. Ẹ fa bẹ́líìtì èjìká gìtá títí tí gìtá yóò fi wà ní ibì kan náà níwájú àyà yín, yálà ẹ jókòó tàbí ẹ dúró. Àwọn tó máa ń so ó rọ̀ dé orúnkún nítorí ẹwà ń fi ọrùn-ọwọ́ ara wọn tọrọ ìrora.

Gìtá béèsì oníná, irú èyí tí Leo Fender gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951, okùn rẹ̀ gùn ju ti gìtá lásán lọ dáadáa. Láti orí ọrùn dé orí afárá tí okùn gbà kọjá, íǹṣì 34 ló sábà máa ń jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn fret àkọ́kọ́ fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kékeré kì í lè kárí wọn. Láti fret kìíní dé ìkẹrin, ẹ má fi ipá mú ìka kọ̀ọ̀kan dúró lórí fret kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ọmọńdinrín, kí ìka òrùka máa ran ọmọńdinrín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti kọjá fret karùn-ún, àlàfo á ti dínkù, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì lè gba fret mẹ́rin láìsí wàhálà. Ẹ̀yìn fret gan-an, ní ẹ̀gbẹ́ irin, ni kí ẹ ti tẹ okùn, kì í ṣe àárín àlàfo. Níbẹ̀, ipá kékeré ni okùn ń béèrè. Bí ó bá ń dún záá-záá, ẹ kọ́kọ́ sún ìka mọ́ irin kí ẹ tó ronú àtifi kún ipá.

Títa okùn pẹ̀lú ìka

Ọwọ́ ọ̀tún ló kàn. Ẹ gbé àtàǹpàkò lé orí pickup, ìyẹn àpótí kékeré abẹ́ okùn tó ń gba ìgbọ̀n okùn sínú waya, kí ẹ sì jẹ́ kí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín so kalẹ̀ lé okùn. Ẹ má fi ìka kọ́ okùn sókè. Ṣe ni kí ìka gba orí okùn kọjá, kó sì lọ sinmi lára okùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó sún mọ́ ojú yín. Bí ẹ bá ta okùn D, ìka á balẹ̀ sára A. Bí ẹ bá ta A, á balẹ̀ sára E. Ibi ìsinmi yìí kì í ṣe fún ẹwà. Okùn tí ìka sinmi lé kò lè dún, nítorí náà, bí ẹ ṣe ń ta ọ̀kan ni ẹ ń pa èkejì lẹ́nu mọ́, láìṣe iṣẹ́ mìíràn kún un.

Àtàǹpàkò náà kò gbọdọ̀ jókòó sójú kan bí onílé. Bí ẹ bá wà lórí okùn E, orí pickup ni ààyè rẹ̀. Bí ìka bá sọ̀ kalẹ̀ sí A àti D, kí àtàǹpàkò tẹ̀ lé e, kó wá sinmi lé E. Bí ìka bá dé G, kí ó sọ̀ dé A, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì máa kan E. Ó máa ń ṣe àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ bákan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá àwọn tí àtàǹpàkò wọn ti ya ihò sórí pickup láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà kì í gba ìrònú mọ́.

Ó wá ku àwọn okùn apá ilẹ̀, àwọn tó tín-ín-rín ju èyí tí ẹ ń ta lọ. Ọwọ́ òsì ló ni ìyẹn. Ìka tó bá tẹ okùn E kò yẹ kó dúró gbọnrangandan bí òpó. Kí ó tẹ́ díẹ̀, kí abẹ́ rẹ̀ máa fọwọ́ kan okùn A fẹ́rẹ́fẹ́, láìtẹ̀ ẹ́. Òfin tí mo máa ń fún àwọn tí mò ń kọ́ kò ju èyí lọ: okùn tó nípọn ju èyí tí ò ń ta lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò pa á, èyí tó tín-ín-rín jù ú lọ, ọwọ́ òsì ni. Ẹ padà sí ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ jẹ́ kí ìka tó tẹ fret karùn-ún tẹ́ díẹ̀ bí mo ti wí. Okùn A kò ní kùn mọ́.

Ìka méjèèjì ní láti máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Mo ń kọ́ ọmọ ahunṣọ kan ní Ìlọrin, ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló máa ń fẹ́ lò bí orin bá ti yá. Ìka àárín á na gbalaja sókè, á máa wòran. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí baba rẹ̀ ṣe ń hun òfì. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ ìtẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ á kọjá láàárín òwú, ẹsẹ̀ òsì á tẹ̀, ọ̀kọ̀ á padà. Mo ní tí ẹsẹ̀ kan bá wá tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní baba òun á tú u. Kò tún béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí ìka méjì fi gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀.

Àyọkúrò kan ṣoṣo ló wà tí mo gbà láyè. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti okùn tín-ín-rín sí okùn tó nípọn, láti G sí D fún àpẹẹrẹ, ìka tó ta G ti balẹ̀ sára D tẹ́lẹ̀. Kò sí ìdí láti gbé e kúrò kí ẹ tó pe èkejì. Ẹ jẹ́ kí ó fà kọjá lórí D náà. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí Motown gbé jáde ní Detroit, ìka ìfábẹ̀lá kan ṣoṣo ló fi ń ta tirẹ̀. Èmi kì í fi ìyẹn kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó bá Jamerson lára mu lè jẹ́ àwáwí fún ọ̀lẹ.

Ibi tí ẹ ti ta okùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ìka bá sún mọ́ ọrùn gìtá, ohùn á gbòòrò, á sì rọ̀. Bó bá sún mọ́ afárá, á le, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì ṣe kedere, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ Jaco Pastorius, gbajúmọ̀ onígìtá béèsì. Ẹ gbọ́ méjèèjì dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì èyíkéyìí lára gìtá.

Fún ìdánrawò, ẹ wá metronome, ohun tó máa ń ka ìlù déédéé fún èèyàn, sórí fóònù yín, kí ẹ sì gbé e sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ta ohùn mẹ́rin sí ìlù kọ̀ọ̀kan lórí okùn kan, kí gbogbo wọn dọ́gba débi pé ẹni tó dijú kò ní mọ ìka tó ta èwo. Bí ó bá dọ́gba, ẹ fi 5 kún un; bí ó bá dàrú, ẹ yọ 10 kúrò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbìyànjú ìrìn ẹṣin. Wọ́n máa ń ki Ìlọrin ní ìlú ńlá tí kò léégún, tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé wọn, ẹni tó bá sì ti wo àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́jọ́ Ọdún Iléyá ti gbọ́ ìró pátákò yẹn: ẹyọ kan gùn, méjì kúrú. Ohùn mẹ́ta ni, ìka méjì sì ni, nítorí náà bí ìka ìfábẹ̀lá bá bẹ̀rẹ̀ ìlù kìíní, ìka àárín ni yóò bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú lórí ẹṣin. Ẹ lọ jẹ́jẹ́, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìka kan jí iṣẹ́ ìkejì.

Lílu okùn pẹ̀lú àtàǹpàkò

Mo máa ń fẹ́ kí èèyàn mọ ibi tí slap lórí gìtá béèsì oníná ti wá kó tó gbìyànjú rẹ̀, nítorí pé ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Larry Graham, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Texas lọ́dún 1946 tó sì dàgbà ní Oakland, máa ń bá ìyá rẹ̀ ṣeré káàkiri, ìyá á wà nídìí dùùrù. Nígbà tí kò sí onílù láàárín wọn mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò lu okùn tó nípọn láti dípò ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, ó sì ń fi ìka fa okùn tó tín-ín-rín láti dípò ìlù kékeré tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù. Iṣẹ́ ìlù ni slap láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá rò pé agbára ni yóò fi ṣe é ti ṣìnà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó dúró sí Ọ̀fà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé gìtá sílẹ̀. Ẹ di ọwọ́ ọ̀tún ní ìkúùkù tí kò le, kí àtàǹpàkò nà síta, kí ẹ sì yí apá bí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn tó sì tún ń tì í, kíákíá. Ìgbọ̀nwọ́ kò lọ sókè, èjìká kò mì, ọrùn-ọwọ́ nìkan ló ń yí. Bí ẹ bá ń lu itan yín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò báyìí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò sì rẹ̀ yín, a jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá rẹ̀ yín, apá ni ẹ ń gbé, ẹ padà síbi kọ́kọ́rọ́.

Ẹ wá gbé gìtá. Ibi tí ọrùn ti parí, lókè fret tó kẹ́yìn, ni kí ẹ ti lu okùn E, pẹ̀lú egungun ẹ̀gbẹ́ oríkèé àtàǹpàkò, kì í ṣe pẹ̀lú ẹran orí rẹ̀. Kí àtàǹpàkò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá okùn dọ́gba ní gígùn. Kí ó kan okùn, kí ó sì fò kúrò lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Okùn á gbá fret, ẹ ó gbọ́ ìró irin, ohùn gidi á sì tẹ̀ lé e. Bí ohùn kò bá tẹ̀ lé e, àtàǹpàkò ti pẹ́ jù lórí okùn. Ọ̀nà mìíràn wà, tí àtàǹpàkò máa ń gba orí okùn kọjá lọ sinmi lára èyí tó tẹ̀ lé e. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ eléyìí tó ń fò kí ẹ tó kọ́ ìyẹn.

Fífà ni ọ̀rọ̀ ìka ìfábẹ̀lá. Kí ìdajì ẹran orí ìka nìkan wọ abẹ́ okùn G tàbí D. Bí ẹ ṣe ń yí ọrùn-ọwọ́ padà láti inú lílù, kí ìyípadà kan náà gbé okùn sókè díẹ̀ kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí okùn fúnra rẹ̀ lọ gbá fret. Ẹ kíyè sí i pé ìyípo kan ṣoṣo ló bí lílù àti fífà. Kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Àwọn tó ń ki ìka bọ abẹ́ okùn dé oríkèé ni okùn máa ń já mọ́ lọ́wọ́.

Báyìí, ọwọ́ òsì. Nínú slap, òun ló ni ọ̀pọ̀ ìró tí ẹ ń gbọ́. Ẹ fi ìka lé gbogbo okùn láìtẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì lu E: ìró “kí” tí kò ní ohùn orin nínú ni yóò jáde. Ìka méjì ó kéré tán ni kí ẹ gbé lé e, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì bọ́ sórí fret karùn-ún, ìkeje tàbí ìkejìlá, okùn á han tín-ín bí agogo dípò kó dákẹ́.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìka ìfábẹ̀lá òsì wà lórí okùn E ní fret kẹta, ọmọńdinrín wà lórí okùn D ní fret karùn-ún. Ohùn G ni méjèèjì, kékeré àti àgbà. Ẹ fi ẹnu pè é kí ẹ tó fi ọwọ́ ṣe é: gbì, kí, pá, kí. “Gbì” ni àtàǹpàkò lórí E. “Kí” ni àtàǹpàkò lórí okùn kan náà nígbà tí ìka òsì ti dẹ̀. “Pá” ni fífà lórí D, lẹ́yìn náà “kí” mìíràn. Metronome wà lórí 60, ìró mẹ́rin sí ìlù kan. Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu pè é láìṣìnà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè ṣe é. Bí ó bá ti mọ́ra, ẹ gbé ọwọ́ kan náà sọ̀ sórí okùn A àti G ní fret kan náà, ẹ ó bá ohùn C pàdé. Ẹ pààrọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, G fún ìlù mẹ́rin, C fún ìlù mẹ́rin, kí ẹ sì gba ara yín sílẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, àárín “gbì” àti “pá” ni kí ẹ tẹ́tí sí.

Ní ti ìgbà tó yẹ kí a lò ó nínú orin, èrò tèmi ni pé kí ó dà bí ata rodo. Bí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, kí béèsì fi ìka ta ohùn díẹ̀ kó sì dákẹ́. Ibi tí onílù bá ti gba ẹnu sílẹ̀ ni kí slap ti wọlé.

Ẹ̀rọ, ọyẹ́ àti okùn

Lílù àti fífà máa ń bú jáde lójijì ju títa lọ fíìfíì. Ẹ yí ohùn ẹ̀rọ sísàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo ti rí sípíkà ìjọ tí bébà inú rẹ̀ fàya lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí iná bá lọ nígbà ìdánrawò, ẹ fi etí gìtá ti ara wọ́dúróòbù onípákó. Pákó náà á gbé ohùn débi tí ẹ ó fi gbọ́ àṣìṣe yín.

Ní àkókò ọyẹ́, igi ọrùn gìtá máa ń gbẹ, ó sì lè nà padà tó bẹ́ẹ̀ tí okùn á fi sún mọ́ fret ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí gìtá tó ti ń dún dáadáa bá ṣàdédé ń han záá-záá ní oṣù Kejìlá, ẹ má dá ọwọ́ yín lẹ́bi. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ irin inú ọrùn tún ṣe, ẹ má yí i fúnra yín.

Okùn tó ti gbó kì í jẹ́ kí slap tàn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ìdọ̀tí àti òróró ọwọ́ tó wọ àárín waya tí wọ́n wé mọ́ ọn ló ń mú kí ohùn rẹ̀ kú. Ẹ tú u, ẹ ká a jẹ́jẹ́ láìṣẹ́ ẹ, kí ẹ sè é nínú omi lásán fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìkòkò tí wọn kì í fi se oúnjẹ. Á tàn padà fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ sá a sóòrùn títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ tán kí ẹ tó dá a padà sórí gìtá, kó má baà dógùn-ún kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé.